Ọdẹ́jìnmí ní Ìlú Àwọn Aláǹtakùn Inú Ọkọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sábẹ́ igi yìí, kí ẹni tí irọ́ bá wà lẹ́nu rẹ̀ kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ mì, nítorí pé ìtàn tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí kò fẹ́ kí irọ́ méjì pàdé nínú ilé kan ṣoṣo. Bí ẹ bá gbọ́ ibi tí ó dùn, ẹ rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá gbọ́ ibi tí ó jọ yín, ẹ wo ojú ẹni tí ó jókòó tì yín.

Ọkùnrin kan wà ní Òkè-Àràbà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọdẹ́jìnmí. Ọdẹ ni baba rẹ̀, ọdẹ ni baba baba rẹ̀, òun náà sì di ọdẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹran tán nínú igbó, tí kò ku ohun tí ènìyàn lè pa níbẹ̀ mọ́ bí kò ṣe ọ̀kẹ́rẹ́ àti àkókó, ó kọ́ iṣẹ́ mọ̀káníìkì mọ́ ọn. Àwọn ògbólógbòó ọkọ̀ ni ó fẹ́ràn jù, àwọn tí ẹni tí ó rà wọ́n ti kú, tí koríko ti ń hù gba inú táyà wọn.

"Ẹran ìgbẹ́ ni ọkọ̀ àtijọ́," ni ó máa ń wí. "Ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń tọ ipasẹ̀ kò lè mọ ibi tí àìsàn rẹ̀ sá pamọ́ sí. Èmi Ọdẹ́jìnmí, tí mo gbá ẹfọ̀n létí tí ó fi ké pe ìyá rẹ̀!"

"Ọdún wo nìyẹn?" ni àwọn ènìyàn máa ń bi í.

"Ọdún tí a kò tíì bí ẹni tí yóò ṣe ẹlẹ́rìí."

Ẹ jẹ́ kí a sọ àṣà ìlú náà kí ọ̀rọ̀ má bàa rú yín lójú. Ní Òkè-Àràbà, ẹnikẹ́ni kì í ré ẹnu ọ̀nà kọjá láìkágò. Wọn a máa kágò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọn a máa kágò lẹ́nu ọ̀nà ahéré. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń kágò kí wọ́n tó wọ ilé ewúrẹ́, kí ewúrẹ́ má bàa sọ pé wọ́n bá òun ní ìhòòhò. Ọdẹ́jìnmí le ju gbogbo wọn lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti dá àna rẹ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà nígbà kan rí, tòun ti ẹrù iṣu lórí, nítorí pé ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ kan wọlé kí a tó dá a lóhùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó lọ sídìí ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó ti dákú sábẹ́ igi àràbà láti ogún ọdún. Olóògbé kan tí ó ń ra kòkó ni ó ni ín, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ kí ọkọ̀ náà tún dìde. Àyọ̀ká, ìyàwó Ọdẹ́jìnmí, gbé oúnjẹ wá bá a níbẹ̀, ó sì bá a níbi tí ó ti ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Bàbá Àìná, ẹ kọ́kọ́ fi igi kan ibẹ̀ kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́."

"Igi kẹ̀?"

"Ẹ kan án, kí ẹ sì dúró díẹ̀. A kò mọ ẹni tí ó ti kó wọ ibẹ̀."

"Ilé ni, àbí ọkọ̀? Irin ni èyí. Ta ni kí n kágò fún, ẹ́ńjìnnì àbí ìpẹtà?"

Àyọ̀ká ṣe hùn-ún, ó gbé àwo kalẹ̀, ó lọ.

Ọdẹ́jìnmí ti ọwọ́ ọ̀tún bọ ẹ̀yìn kábúrétọ̀. Ohun kan ta á níbẹ̀, ó sì gbóná dé èjìká. Ó fa ọwọ́ yọ kíá. Aláǹtakùn dúdú kan, tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, tí àmì pupa wà ní ikùn rẹ̀, jókòó sórí àtàǹpàkò rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ mẹ́rin lé mẹ́rin bí ayaba.

"Ṣé ẹ kì í kágò ní ìlú tìrẹ ni?" ni aláǹtakùn náà bi í.

"Ìwọ kòkòrò yìí, ṣé o mọ ẹni tí o bù jẹ?"

"N kò mọ̀ ọ́n. Ìbá ṣe pé ó kágò ni, ìbá ti dárúkọ ara rẹ̀."

"Èmi ni Ọdẹ́jìnmí!"

"Ó dára, Ọdẹ́jìnmí. Ogún ọdún ni a ti ń gbé inú ilé yìí. Ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ni ó ń sùn lọ́wọ́ níbẹ̀. O ṣí òrùlé kúrò lórí wọn, o na ọwọ́ wọ yàrá mi, o kò sọ pé 'ẹ kú ilé'. Láti ìsinsìnyí lọ, ọwọ́ yẹn ti di ẹlẹ́jọ́. Ìlú wa wà nínú Igbó Ọ̀run-Ọkọ̀, níbi tí gbogbo ọkọ̀ tí ó kú ní ayé ń lọ. Lọ ro ẹjọ́ rẹ níwájú ìyá wa. Bí oòrùn ọjọ́ keje bá wọ̀ tí o kò tíì jàre, ọwọ́ náà ti di tiwa nìyẹn, a ó sì wá mú un."

Bí ó ti sọ báyìí tán, ó sọ̀kalẹ̀, ó padà sínú ilé rẹ̀. Ìgbà náà ni ìrora wọ Ọdẹ́jìnmí lára, tí ó fi igbe ta tí ẹyẹ fò kúrò lórí àràbà. Gbogbo ìlú sáré dé, Olúọdẹ ni ó ṣíwájú wọn, ògbólógbòó baba tí ó jẹ́ olórí gbogbo ọdẹ Òkè-Àràbà.

"Kí ni ó ṣe ọ́?" ni Olúọdẹ bi í.

Ọdẹ́jìnmí wo ọwọ́ rẹ̀, tí ó ti wú bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ó wo ojú àwọn ènìyàn. Ẹ̀yin ará, ìbá ṣe ẹ̀yin ni, kí ni ẹ̀ bá sọ? Ẹni tí ó gbá ẹfọ̀n létí, ṣé yóò wá sọ pé bọ́tìnnì ẹ̀wù ni ó ṣe òun léṣe?

"Ẹkùn ni!" ni ó wí.

Ọwọ́ náà wú sí i lójú ẹsẹ̀, ó di ọsàn ńlá.

"Ẹkùn?" ni Olúọdẹ wí. "A kò rí ẹkùn ní agbègbè yìí láti ìgbà ayé baba mi."

"Òun ni ó ṣẹ́kù, bàbá. Ó ti ń wá mi láti ọjọ́ yìí."

"Ojú eyín rẹ̀ dà?"

"Ẹkùn tí ó mọ̀wà-á-hù ni. Eyín kan péré ni ó lò."

Àwọn ènìyàn kan sáárá sí i. Ó sọ fún wọn pé òun ń lọ lépa ẹran náà dé ibùgbé rẹ̀. Olúọdẹ gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó ní, "Ọmọ ọkọ ni ọ́! Oyè Aṣípa ọdẹ ṣófo. Ọjọ́ tí o bá bọ̀, orí rẹ ni a ó dé fìlà náà sí." Ọwọ́ Ọdẹ́jìnmí ń já a jẹ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn. Àyọ̀ká ní tirẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó ń wo ẹ̀wù ọkọ rẹ̀, níbi tí kò sí yíya kankan.

Bí Ọdẹ́jìnmí ti ṣe dé Igbó Ọ̀run-Ọkọ̀, ẹsẹ̀ ni ó fi rìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó lọ rìn ín wò. Ní ẹnu ibodè, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì arúgbó kan dábùú ọ̀nà. Iná iwájú rẹ̀ kan ti fọ́, èyí tí ó kù ni ó fi ń wo ayé. Ó wúkọ́, èéfín jáde.

"Àlejò, kí ni ó ṣe ọwọ́ rẹ?"

"Ẹkùn méjì ni," ni Ọdẹ́jìnmí wí, nítorí pé ibodè ìlú àjèjì kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń dín iyì ara rẹ̀ kù. "Takọtabo."

Ọwọ́ náà di igbá ìmumi.

"Mo gbọ́. Àlọ́ kan ni owó ibodè wa. Kí ni ó ń sáré nígbà tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí ó wá ní ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ tán tí kò lè sún mọ́?"

Ọdẹ́jìnmí ronú títí. Bí ó ti ń ronú, ohun kan ṣoṣo tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni ohun tí ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbìn síbẹ̀.

"Ẹkùn ni," ni ó dáhùn.

Bọ́ọ̀sì arúgbó náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín tí ìdè ara rẹ̀ fi ń tú, tí gíláàsì rẹ̀ ń já bọ́, tí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí ó kù lára rẹ̀ wó lulẹ̀ gbì.

"Yéè! Wọlé, wọlé! Ọdún méjìlá ni mo ti dúró síbí, n kò rẹ́rìn-ín rí. Ọkọ̀ ni, ìwọ ọkùnrin yìí! Ó ní táyà mẹ́rin nígbà tí ó wà láàyè. Nígbà tí ó kú, àwọn aláǹtakùn kó wọ inú rẹ̀. Ìwọ tí epo ọkọ̀ wà lára ẹ̀wù rẹ bíi ti mọ̀káníìkì! Gba ojú ilẹ̀kùn yẹn kọjá. Ẹni tí kò mọ ìdáhùn tí ó sì dáhùn gbọnmọgbọnmọ, ẹni ọlá ni ní ayé, kí ni èmi fẹ́ fi í ṣe?"

Ó gba ibẹ̀ wọ ìlú kan tí a ń pè ní Afẹ̀yìnrìn. Àwọn ọkọ̀ tí ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n wọ́ sí kí wọ́n tó kú ni wọ́n dá ìlú náà sílẹ̀, gbogbo ará ibẹ̀ sì ń fi ẹ̀yìn rìn. Obìnrin kan fi ẹ̀yìn bọ̀ wá pàdé rẹ̀.

"Ó dàbọ̀ o, àlejò."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni, ìyá."

"Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń dágbére. Ọjọ́ tí o bá ń lọ, a ó kí ọ káàbọ̀. Kí ni ó ṣe ọwọ́ rẹ?"

"Ẹkùn mẹ́ta ni," ni Ọdẹ́jìnmí wí. Bí ó ti rí i pé obìnrin náà kò mira, ó fi kún un: "Erin kan sì wá là wá níjà."

Ọwọ́ náà wú lẹ́ẹ̀kan náà, ó di àgbè ẹmu. Kò ṣeé gbé mọ́. Ọdẹ́jìnmí ní láti wé òṣùká, ó sì gbé ọwọ́ ara rẹ̀ rù bí ẹni tí ó ru ẹrù ọjà. Obìnrin náà fi ẹ̀yìn yí i po.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń fi iwájú rìn," ni ó wí, "ibi tí ẹ ń lọ ni ẹ ń wò. Àwa tí a ń fi ẹ̀yìn rìn, ibi tí ènìyàn ti ń bọ̀ ni a ń rí. Mo ti wo ọ̀nà rẹ títí dé ìbẹ̀rẹ̀. N kò rí ẹkùn kankan níbẹ̀. Mo rí igi ńlá kan, mo rí ọkọ̀, mo sì rí àwo oúnjẹ kan tí o kò tíì jẹ."

"Ojú ń dùn yín ni, ìyá."

"Ọwọ́ ni ó ń dùn ọ́. Máa bá mi fi ẹ̀yìn rìn, mo mọ ààfin tí o ń wá."

Ó fi ẹ̀yìn rìn fún ọjọ́ méjì, ọwọ́ lórí òṣùká, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan irin tútù. Nígbà tí ó yíjú padà, ó rí ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó tó òkè. Òwú aláǹtakùn ni a fi ṣe aṣọ ìkélé rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ọdẹ́jìnmí kágò. Ó kágò ní ẹ̀ẹ̀méje, ó sì dọ̀bálẹ̀ sí ìta kí a tó dá a lóhùn.

"Àgò yà," ni ohùn kan wí. "Wọlé. Ta ni ọ́?"

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀mẹ́jọ ni ó jókòó níbẹ̀, aláǹtakùn arúgbó tí irun rẹ̀ ti funfun. Kò tóbi. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọdẹ́jìnmí wò ó, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ìgbéraga rẹ̀ sì tún gbérí.

"Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, tí mo gbá ẹfọ̀n létí, tí ẹkùn mẹ́rin..."

Ọwọ́ náà wó o lulẹ̀. Ó ti tó àpò kòkó.

"Máa bá a lọ," ni ìyá arúgbó náà wí. "Ẹkùn mẹ́rin, kí ni wọ́n ṣe?"

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá mi."

"A kì í torí pé abẹ́rẹ́ kéré kí adìyẹ gbé e mì. Ìwọ wo mí, o rò pé mo kéré. Tún un sọ. Kí ni ó jẹ ọ́?"

Ọdẹ́jìnmí dìde jókòó. Lẹ́yìn náà, ó fi ohùn tí ó kéré bí ti ẹ̀fọn wí pé, "Aláǹtakùn ni."

Ọwọ́ náà dín kù díẹ̀.

"Kí ni ó fà á?"

"Mo ti ọwọ́ bọ ilé yín láìkágò. Mo rò pé ọkọ̀ ni, n kò mọ̀ pé ibi tí ènìyàn bá ti ń sùn, ilé ni. Ìyàwó mi kìlọ̀ fún mi."

Ọwọ́ náà padà sí ìwọ̀n ọsàn ńlá, ó sì dúró síbẹ̀. Ọdẹ́jìnmí wò ó, ó gbọ̀n ọ́n, kò yí padà.

"Ìyá, mo ti jẹ́wọ́. Oró yín ṣì wà nínú rẹ̀."

Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀mẹ́jọ rẹ́rìn-ín. "Oró kẹ̀? Oró ọmọ mi ti gbẹ láti ọjọ́ kìíní. Irọ́ ni ó kún ọwọ́ rẹ. Àwa kò mọ irọ́ í pọn, ohun tí o rù ni o fúnra rẹ dì. Lọ sí ìlú rẹ, kí o sọ òtítọ́ ní gbangba ibi tí o ti purọ́. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá gbà ọ́ gbọ́ kí oòrùn ọjọ́ keje tó wọ̀, o jàre. Bí kò bá sí ẹnì kankan, a ń bọ̀ wá mú ọwọ́."

"Ẹnì kan ṣoṣo? Ìyẹn ti rọrùn jù, ìyá! Gbogbo ìlú ni yóò gbà mí gbọ́. Àwọn ni wọ́n gba ti ẹkùn gbọ́."

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni ìyá arúgbó náà wí. "Ó dàbọ̀."

Ní ọ̀sán ọjọ́ keje, Ọdẹ́jìnmí wọ Òkè-Àràbà. Ó bá gbogbo ìlú lábẹ́ àràbà. Wọ́n ti pa ewúrẹ́. Wọ́n ti rán fìlà. Olúọdẹ jókòó láàárín àwọn ọdẹ, fìlà Aṣípa wà lórí orúnkún rẹ̀. Wọ́n hó yèè.

"Ẹ dákẹ́!" ni Ọdẹ́jìnmí kígbe. "Ẹ gbọ́ mi. Kì í ṣe ẹkùn. Aláǹtakùn ni."

Gbogbo wọn wo ojú Olúọdẹ. Lẹ́yìn náà, Olúọdẹ mi orí, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ wo àgbà ọdẹ! Ó ṣẹ́gun tán, ó ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀."

"Bàbá, òtítọ́ ni mo ń sọ. Kò ju bọ́tìnnì lọ."

"Bọ́tìnnì!" ni ọdẹ kan wí, ó ń gbá itan. "Ó pe ẹkùn ní bọ́tìnnì! Ọdẹ́jìnmí, ìwọ náà ni ó kù!"

"Mo ti ọwọ́ bọ inú ọkọ̀ láìkágò!"

"Ìwọ? Láìkágò? Ìwọ tí o dá àna rẹ padà tòun ti iṣu? Wàá rí irọ́ mìíràn pa."

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ọdẹ́jìnmí bẹ̀ wọ́n. Ó wólẹ̀. Ó mú sípánà rẹ̀, ó ní òun yóò fi irin búra, Olúọdẹ sì gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Má fi ọ̀rọ̀ aláǹtakùn bú Ògún níwájú wa. Ìrẹ̀lẹ̀ náà ní ìwọ̀n."

Oòrùn ti ń sọ̀kalẹ̀ sẹ́yìn igi. Ọdẹ́jìnmí wo ara ọkọ̀ akẹ́rù náà, ó sì rí wọn: aláǹtakùn ń jáde láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń rọra bọ̀ bí ẹni tí ó wá gba ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tí ó wo ọ̀hún. Fìlà ni gbogbo wọn ń wò. Olúọdẹ dìde, ó sì dé fìlà náà sí i lórí. Wọ́n hó. Ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

"Aláǹtakùn ni o!" ni Ọdẹ́jìnmí ké, omijé ń dà lójú rẹ̀ ní tòótọ́.

"Aṣípa! Aṣípa onírẹ̀lẹ̀!" ni wọ́n dá a lóhùn.

Nígbà náà ni Àyọ̀ká dìde láàárín àwọn obìnrin.

"Mo gbà á gbọ́."

"Kí ni o wí?" ni Olúọdẹ bi í.

"Mo ní mo gba ọkọ mi gbọ́. Aláǹtakùn ni ó jẹ ẹ́."

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o fẹ́ ba ọkọ rẹ jẹ́ ni? Kí ni ẹ̀rí rẹ?"

"Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, bàbá. Nígbàkígbà tí ó bá ń purọ́, ọ̀rọ̀ náà a máa dùn. Èmi náà a máa rẹ́rìn-ín, a máa sùn lé e. Ẹ gbọ́ èyí tí ó sọ lónìí. Ṣé ó dùn? Kò dùn rárá. Kò sí ẹfọ̀n níbẹ̀, kò sí ìgbátí. Bọ́tìnnì ni. Ọkọ mi kò lè jókòó kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro irú ọ̀rọ̀ tí kò níyì báyìí."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, láàárín àwọn obìnrin. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́kùnrin. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ, àwọn náà sì bò ó mọ́ ẹnu títí kò fi ṣeé bò mọ́. Gbogbo Òkè-Àràbà fi Ọdẹ́jìnmí rẹ́rìn-ín títí tí àwọn kan fi ń di igi mú. Bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ náà ń dín kù. Ìka yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn ọwọ́ jọ̀, iṣan padà sí àyè rẹ̀. Lára ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn aláǹtakùn yí ẹ̀yìn padà, wọ́n wọlé lọ.

Ọdẹ́jìnmí na ọwọ́ náà, ó ká a, ó tún nà án. Ó fi í ṣí fìlà kúrò lórí, ó sì gbé e sórí orúnkún Olúọdẹ.

"Ta wá ni a ó dé e fún?" ni Olúọdẹ wí, inú ń bí i. "A ti pa ewúrẹ́!"

"Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ ewúrẹ́ náà, bàbá," ni ọdẹ kan wí, "kí ó tó di pé ẹnì kan tún jẹ́wọ́ nǹkan mìíràn."

Ọdẹ́jìnmí kò dúró jẹ nínú ẹran náà. Ó tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ lọ sílé, ẹ̀rín ń lé e bọ̀ lẹ́yìn.

"Àyọ̀ká, o ti sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́ ní ìlú yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Àìná."

Wọ́n rìn díẹ̀.

"Ṣé oúnjẹ wà nílé?"

"Ó wà. Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ lọ fọ̀."